Ìpè, Òfin àti Ewu Ọmọ: Ìgbésí-Ayé Mother Mary Martin (1892–1975)

Ìfáàrà

Nígbà tí obìnrin bá bímọ ní ilẹ̀ Yorùbá, ewu ni wọ́n fi ń kí i. Ẹ kú ewu ọmọ ni ìkíni tí tọmọdé tàgbà mọ̀, ìkíni náà sì fi hàn pé ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti mọ̀ pé ọjọ́ ìkúnlẹ̀ abiyamọ kì í ṣe ọjọ́ eré. Àdúrà tí wọ́n máa ń gbà fún aboyún ni pé kí ó sọ̀ wẹ́rẹ́, kí wọ́n gbọ́ ohùn ìyá, kí wọ́n sì gbọ́ ohùn ọmọ. Ẹni tí ó bá ti gbé ní àwọn abà àti ahéré inú igbó ní agbègbè Ore àti Odigbo ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí àwọn àgbẹ̀ olóko kòkó àti àwọn agégẹdú ń gbé, yóò mọ bí ọ̀nà ilé-ìwòsàn ti máa ń jìn tó nígbà tí ìrọbí bá mú obìnrin ní òru, tí ọmọ sì kọ̀ tí kò jáde.

Obìnrin kan wà tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ dojú kọ ewu yìí. Kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Ọmọ ilẹ̀ Ireland ni. Marie Helena Martin ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Mother Mary Martin ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Òun ni olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn sístà oníṣègùn tí wọ́n ń pè ní Medical Missionaries of Mary. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1937.

Ohun tí ó mú kí ìtàn rẹ̀ yẹ fún àgbéyẹ̀wò ni irú ìdènà tí ó bá pàdé. Kì í ṣe àìsí owó, kì í sì í ṣe àìsí ìfẹ́ ni olórí ìṣòro rẹ̀. Òfin Ìjọ tí ó fẹ́ sìn gan-an ni ó dúró ní ojú ọ̀nà, nítorí pé Ìjọ Kátólíìkì, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ìjọ Àgùdà, kò gba sístà láyè láti gbẹ̀bí. Láti ìgbà tí Mary Martin kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Kàlàbá ní 1921 títí di ọjọ́ tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní 1937, ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó fi dúró. Ìdúró yẹn ni kókó ìtàn ayé rẹ̀.

Ìbí àti Ìgbà Èwe

Ní oṣù kẹrin ọdún 1892 ni wọ́n bí Marie Helena Martin ní Glenageary, àdúgbò kan tí kò jìnnà sí òkun ní ẹ̀bá Dublin, olú-ìlú Ireland. Thomas Martin ni bàbá rẹ̀, Mary Moore sì ni ìyá rẹ̀. Ọmọ méjìlá ni àwọn òbí náà bí. Òwò gẹdú ni ìdílé Martin ń ṣe ní èbúté Dublin, òwò tí àwọn ará Ore àti Odigbo mọ̀ dunjú. Owó wà lọ́wọ́ wọn, ilé wọn tóbi, orúkọ wọn sì dún láàárín àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà ìlú náà.

Ṣùgbọ́n ọrọ̀ kì í dá ìpọ́njú dúró. Ní 1904, nígbà tí Marie jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, àìsàn ibà líle kan tí ó máa ń mú oríkèé ara, tí ó sì máa ń ba ọkàn jẹ́, dá a dùbúlẹ̀. Ó yè é, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò le bí ó ṣe yẹ mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta 1907, ọjọ́ tí àwọn ará Ireland ń ṣe ọdún Patrick Mímọ́, ìbọn ṣèèṣì yìn, ó sì pa bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ di opó, ọmọ púpọ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Marie kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà. Ojú rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ fi ń ru ẹrù ilé láìbọ́hùn, ẹ̀kọ́ tí ó sì kọ́ lára ìyá náà kò fi í sílẹ̀.

Ó kàwé ní Ireland, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Jámánì, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn ọmọbìnrin ilé olówó ìgbà náà. Ohun tí ará àti ọ̀rẹ́ ń retí ni pé yóò lọ́kọ, yóò sì tẹ̀dó sí Dublin. Ogun ni ó yí ọ̀nà rẹ̀ padà.

Ogun Àgbáyé Kìíní

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914, Marie wọ ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú aláìsàn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Ní oṣù kẹwàá 1915, wọ́n rán an lọ sí erékùṣù Malta, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń kó àwọn jagunjagun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ ní Gallipoli wá. Ibẹ̀ ni ọmọ olówo tí kò gbálẹ̀ rí ti kọ́ láti wẹ egbò, láti di ọgbẹ́, àti láti jókòó ti ẹni tí ń kú lọ.

Nígbà tí ó wà ní Malta ni ìròyìn dé pé Charlie, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ogun, fara gbọgbẹ́ ní ojú ìjà ní àwọn òkè tí ó wà lókè Salonika, pé wọn kò sì rí i mọ́. Ó padà sílé ní 1916, ìdílé sì ń retí ìròyìn rere. Ìròyìn tí ó dé ni pé Charlie ti kú láti oṣù kejìlá ọdún tí ó kọjá. Marie kò jókòó sí ìdí ọ̀fọ̀. Ó tún gba ilẹ̀ Faransé lọ láti tọ́jú àwọn tí wọ́n ń gbé wá láti ojú ogun Somme.

Nígbà tí ó padà dé, ayé olówó kò tún wù ú mọ́. Ní 1917, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Thomas Ronayne dé sí ìjọ wọn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Marie lọ fún ìmọ̀ràn. Ilẹ̀ Áfíríkà wà lọ́kàn àlùfáà náà pẹ̀lú, òun ni ó sì jẹ́ kí Marie mọ bí àwọn obìnrin tí ó mọ iṣẹ́ ìwòsàn ti ṣọ̀wọ́n tó láàárín àwọn míṣọ́nnárì. Ìpè tí Marie ń wá bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwòrán: kì í ṣe láti di sístà inú ilé àdúrà nìkan, bí kò ṣe láti jẹ́ oníwòsàn láàárín àwọn abiyamọ. Nítorí náà ni ó ṣe lọ kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí ní ilé-ìgbẹ̀bí ńlá tí ó wà ní òpópónà Holles ní Dublin.

Kàlàbá: Agbẹ̀bí Di Olùkọ́

Bíṣọ́ọ̀bù Joseph Shanahan, tí ó ń darí Ìjọ Àgùdà ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ń wá obìnrin tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ní 1921, Marie Martin àti Agnes Ryan, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, wọ ọkọ̀ òkun, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Kàlàbá ní oṣù kẹfà. Wọn kì í ṣe sístà, wọn kò sì tíì jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Marie. Oògùn àti irin iṣẹ́ ìgbẹ̀bí ni ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó bá. Àwọn sístà Joseph Mímọ́ ti Cluny tí wọ́n wá láti ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń ṣe àbójútó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Kàlàbá, ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ náà wà ní bèbè àtipàdánù àtìlẹ́yìn ìjọba, àwọn òbí sì ń kọminú. Àwọn obìnrin méjì tí wọn kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ní kí wọ́n máa darí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ì bá fi ìbínú padà sílé. Marie rìnrìn àjò gígùn lọ bá Bíṣọ́ọ̀bù Shanahan kí ọ̀rọ̀ náà lè yé e. Èrò bíṣọ́ọ̀bù náà ṣe kedere. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó gbà pé yóò ṣílẹ̀kùn fún ìgbàgbọ́ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ sì ni ó ti fi ìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Kò fẹ́ kí iṣẹ́ ìwòsàn gbapò rẹ̀. Marie gbà. Ó padà sí Kàlàbá, ó ń pe orúkọ ọmọ ilé-ìwé ní òwúrọ̀, ó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ́tótó, ó sì ń tọ́jú aláìsàn tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò pẹ́ tí ara Agnes Ryan kò fi gba ojú ọjọ́ ilẹ̀ náà mọ́, ó sì padà sílé. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò kú. Fún àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, abala yìí nínú ìtàn rẹ̀ tó ohun àrògún: ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ tí kò yàn fún ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni tí ó yàn án.

Ní oṣù kẹwàá 1923, sístà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan dé sí Kàlàbá, Mother Mary Charles Walker. Olùkọ́ ni òun. Òun ni ó fi ìpìlẹ̀ tí ó bá nílẹ̀ kọ́ ohun tí ó tóbi ju ilé-ẹ̀kọ́ lọ, nítorí pé láàárín àwọn ọmọbìnrin tí ó ń kọ́ ni ẹgbẹ́ Handmaids of the Holy Child Jesus ti jáde ní 1931, ẹgbẹ́ sístà tí àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà fúnra wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí fi hàn pé ọdún mẹ́ta tí Marie Martin lò ní Kàlàbá kò já sí asán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó kórè rẹ̀.

Òfin tí ó Dí Ọ̀nà

Kí ni ó fà á tí Ìjọ tí ń kọ́ ilé-ìwòsàn káàkiri ayé kò fi fẹ́ kí sístà gbẹ̀bí? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ́ tí àwọn sístà máa ń jẹ́. Ẹ̀jẹ́ mẹ́ta ni: àìní ohun ìní, ìgbọràn, àti àìmọ ọkùnrin. Àwọn alákòóso Ìjọ ní Róòmù gbà pé kò yẹ kí ẹni tí ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìkẹyìn yìí wọ yàrá ìrọbí, kí ohun tí yóò rí níbẹ̀ má baà da ọkàn rẹ̀ rú. Ìlànà tí Róòmù gbé jáde ní 1901 fún àwọn ẹgbẹ́ sístà tuntun kà á sí iṣẹ́ tí kò yẹ wọ́n.

Àwọn Yorùbá kò ní ṣàìlóye apá kan èrò yìí, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá àgbà tí ó ti bímọ rí ni agbẹ̀bí láwùjọ wọn, kì í ṣe wúńdíá. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin náà fà nílẹ̀ òkèèrè le. Ní ìlú tí ó jẹ́ pé sístà nìkan ni olùtọ́jú tí ó wà nítòsí, sístà náà lè di egbò adẹ́tẹ̀, ó lè tọ́jú onígbá méjì, ṣùgbọ́n bí aboyún bá ń kú lọ níwájú rẹ̀, òfin ní kí ó yẹra.

Mary Martin nìkan kọ́ ni ó rí i bẹ́ẹ̀. Agnes McLaren, dókítà obìnrin ará Scotland tí ó di ọmọ Ìjọ Àgùdà lẹ́yìn tí ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ti rí i ní ilẹ̀ Íńdíà pé àwọn obìnrin eléhàá kì í jẹ́ kí dókítà ọkùnrin wo wọn. Ó bẹ Róòmù léraléra kí wọ́n tú òfin náà sílẹ̀, ó sì kú ní 1913 láìrí i. Anna Dengel, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a bí ní ọdún kan náà pẹ̀lú Mary Martin, ka ìwé dókítà ní Cork ní Ireland, ó ṣiṣẹ́ ní Rawalpindi, ó sì dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin oníṣègùn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1925. Òun pẹ̀lú kò lè jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ sístà ní gbangba, nítorí òfin yìí kan náà. Àwọn obìnrin wọ̀nyí wà ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n odi kan náà ni wọ́n ń kàn.

Ọdún Ìdúró

Ní 1924, Bíṣọ́ọ̀bù Shanahan dá ẹgbẹ́ àwọn sístà Rósárì Mímọ́ sílẹ̀ ní Killeshandra ní Ireland, ó sì pe Marie Martin wá sílé láti bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ láti di ọ̀kan nínú wọn. Ó lọ. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ó hàn gbangba pé iṣẹ́ olùkọ́ ni ẹgbẹ́ náà yóò gbájú mọ́. Ní 1926, kí ó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́, ó kúrò níbẹ̀. Ìpinnu yìí kò rọrùn rárá. Bíṣọ́ọ̀bù tí ó bọ̀wọ̀ fún jù lọ ni ó fi ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí ọ̀nà mìíràn níwájú rẹ̀.

Ó wá rò pé bóyá òun ti ṣi ìpè náà gbọ́. Ní 1927, ó bẹ̀bẹ̀ láti wọ ilé àwọn sístà Karmẹ́lì, àwọn tí wọ́n máa ń fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn gbàdúrà láàárín odi láìjáde. Wọn kò gbà á. Lẹ́yìn náà ni àìsàn tún dá a dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí ó ti ń pé ogójì ọdún, kò lọ́kọ, kò sí nínú ẹgbẹ́ sístà kankan, ìlera rẹ̀ kò sì dá a lójú. Lójú ọmọ aráyé, ayé rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Orí ibùsùn àìsàn ni Mary Martin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́bìnrin díẹ̀ jọ tí ìpè kan náà wà lọ́kàn wọn. Ní 1933 ó pàdé Antonio Riberi, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Monaco tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì aṣojú Póòpù ní Dublin. Ọkùnrin náà tẹ́tí sí i. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Póòpù yan Riberi gẹ́gẹ́ bí aṣojú rẹ̀ sí ilẹ̀ Áfíríkà, ohun tí obìnrin náà sọ sì bá a lọ. Ní 1934, Mary àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀dó sí ọ̀dọ̀ àwọn mọ́ńkì Benedict ní Glenstal, wọ́n ń tọ́jú ilé àlejò àwọn mọ́ńkì náà, wọ́n sì ń gba ẹ̀kọ́ nípa ìgbésí-ayé sístà lọ́dọ̀ wọn. Aṣọ àlejò ni wọ́n ń fọ̀, oúnjẹ àlejò ni wọ́n ń sè, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì ń rò.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì 1936, Róòmù gbé ìlànà tuntun jáde, èyí tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn ń jẹ́ Constans ac Sedula. Ìlànà náà gba àwọn sístà ní ilẹ̀ míṣọ́nnárì láyè láti gbẹ̀bí, ó sì tún gbà wọ́n níyànjú láti gba ẹ̀kọ́ dókítà, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní ojúlówó. Odi tí McLaren kàn títí ó fi kú wó lulẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀jẹ́ Lórí Ibùsùn

James Moynagh, àlùfáà tí ó ń darí Ìjọ Àgùdà ní agbègbè Kàlàbá nígbà náà, ń wá àwọn obìnrin oníwòsàn. Ó ké sí Mary Martin. Ní ìparí 1936 ni òun àti obìnrin méjì kúrò ní Ireland, wọ́n sì dé Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1937. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni. Ibi tí ó ti gúnlẹ̀ ní ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn ni ó tún padà sí, ó sì ti ní òfin tí ó gbè é lẹ́yìn báyìí.

Ara ni kò gbè é. Ọkàn tí àìsàn ti bà jẹ́ láti ìgbà èwe kò lè gba ooru àti ibà mọ́. Kò pẹ́ tí ó dé tí ó fi dùbúlẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ìjọba ní Port Harcourt, ẹ̀rù sì ń ba àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pé ikú ti dé. Nínú ilé-ìwòsàn náà, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin 1937, lórí ibùsùn aláìsàn, ni ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì kà sí ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́ Medical Missionaries of Mary. Òun nìkan ni sístà tí ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ nínú ẹgbẹ́ náà ní ọjọ́ yẹn, òun sì ni olórí rẹ̀. Ẹni tí ó wá wo aláìsàn sàn fúnra rẹ̀ di aláìsàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e padà sí Ireland.

Láti Ireland ni ó ti wá ń darí iṣẹ́ náà. Ìpè rẹ̀ kò rí bí ó ti rò ó nígbà èwe. Ó rò pé ọwọ́ òun ni yóò máa gba ọmọ ní Áfíríkà. Ohun tí ó já sí ni pé ó di ẹni tí ń kọ́ ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn, tí ó sì ń rán wọn lọ.

Anua, Drogheda àti Ogoja

Ní Anua, nítòsí Uyo ní ibi tí ó jẹ́ Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom lóde òní, ni àwọn sístà rẹ̀ ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, ní ilé-ìwòsàn Luke Mímọ́. Iṣẹ́ ìgbẹ̀bí ni ó jẹ wọ́n lógún jù. Wọ́n gbà pé bí sístà bá tilẹ̀ gbọ́n tó, àwọn ọmọbìnrin ìlú ni iṣẹ́ náà yóò bọ́ sí lọ́wọ́ níkẹyìn, nítorí náà ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Ní àárín 1940 sí 1950, wọ́n gba iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ ní Ogoja. Àrùn tí ó ń lé ènìyàn kúrò láàárín ẹbí ni ẹ̀tẹ̀ nígbà náà; sístà tí ó bá jókòó ti adẹ́tẹ̀ tí ó sì fọwọ́ kan egbò rẹ̀ ti wàásù láìlanu.

Ní Ireland, Mary Martin mú ìlú Drogheda ní ibùdó láti 1939. Níbẹ̀ ni ó dá ilé-ìwòsàn Our Lady of Lourdes sílẹ̀, kí àwọn sístà lè kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí òkèèrè. Ní 1957 ni wọ́n ṣí ilé-ìwòsàn ńlá tuntun fún ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì níbẹ̀. Obìnrin tí kì í fi bẹ́ẹ̀ lókun ni ó ń wá owó kiri, tí ó ń bá ayàwòrán ilé àti agbáṣẹ́ṣe sọ̀rọ̀, tí ó sì ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀jẹ̀ oníṣòwò gẹdú kò kúrò lára rẹ̀.

Ayé rí iṣẹ́ náà. Ní 1963 ó gba àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa. Ní 1966, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oníṣẹ́-abẹ ti Ireland sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ wọn lọ́nà ọlá, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí irú ọlá bẹ́ẹ̀ tọ́ sí lọ́wọ́ wọn. Ó kú ní Drogheda ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní 1975, ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin.

Iṣẹ́ náà Lẹ́yìn Ikú Rẹ̀

Iṣẹ́ Mary Martin kò bá a kú. Ní Itam ní Akwa Ibom, ọ̀kan nínú àwọn sístà rẹ̀, Dókítà Ann Ward, di ìlúmọ̀ọ́ká nínú iṣẹ́-abẹ fún àwọn obìnrin tí ìrọbí gígùn ti ba àpò ìtọ̀ wọn jẹ́, tí ìtọ̀ sì ń dà lára wọn láìdáwọ́ dúró. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ máa ń pàdánù ọmọ, ọkọ àti àwùjọ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti wò ó sàn ni láti dá a padà sílé. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin Nàìjíríà àti ti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn sì ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ nínú ẹgbẹ́ náà.

Òtítọ́ ìtàn kò gbọdọ̀ fi apá kan pamọ́. Ní ilé-ìwòsàn Drogheda, àwọn dókítà kan lo irú iṣẹ́-abẹ kan tí wọ́n fi ń la egungun ìbàdí aboyún kí ọmọ lè jáde, wọ́n sì ń lò ó títí di àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọ̀pọ̀ ibòmíràn ti fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n ṣe é fún ní Ireland ráhùn pé ó ba ìrìn àti ayé àwọn jẹ́, pé wọn kò sì gba ìyọ̀ǹda àwọn. Ní 2014 ni ìjọba Ireland dá ètò gbà-má-bínú sílẹ̀ fún wọn. Ìwádìí mìíràn tí ìjọba gbé jáde ní 2006 tún fi hàn pé dókítà kan yọ ilé-ọmọ ọ̀pọ̀ obìnrin níbẹ̀ láìnídìí tí ó tó, láàárín 1974 àti 1998. Ilé tí a kọ́ nítorí ewu ọmọ pẹ̀lú lè di ibi ewu bí kò bá sí ẹni tí ń bi dókítà ní ìbéèrè.

Oǹdó, Ore àti Odigbo

Ìlà-oòrùn ni Mary Martin ti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n irú ìpè tí ó jẹ́ kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Oǹdó. Ní 1943 ni Róòmù ya agbègbè Oǹdó àti Ìlọrin sọ́tọ̀ lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù tiwọn, Thomas Hughes, nígbà tí ó sì di 1950, Oǹdó di dáyósíìsì tí Ore àti Odigbo wà lábẹ́ rẹ̀ dòní. Láti Ireland kan náà ni àwọn sístà St. Louis ti wá. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ wọn ní Oǹdó àti Àkúrẹ́ ti kọ́ ọ̀pọ̀ ìyá àti olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ náà, ilé-ìwòsàn St. Louis sì wà ní Ọ̀wọ̀.

Ore ni oríta tí ẹni tí ó ń ti Èkó tàbí ìlú Oǹdó bọ̀ máa ń gbà lọ sí Ìbínì àti sí ìlà-oòrùn. Ní oṣù kẹjọ 1967, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró, ìjà náà sì di òwe ní ẹnu àwọn Yorùbá. Nígbà tí ogun parí ní 1970, ìjọba àpapọ̀ lé ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì Àgùdà ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n dúró ní ìhà Biafra kúrò. Àwọn agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì ọmọ ìlú tí àwọn sístà ti kọ́ ni iṣẹ́ kù sí lọ́wọ́. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé Mary Martin kò ṣìnà nígbà tí ó fi ẹ̀kọ́ ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn.

Ewu náà kò sì tíì tán nílẹ̀. Ní 2009, ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá ètò Abíyẹ sílẹ̀ nítorí àwọn aboyún tí ń kú. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ ètò náà, tí ó sì mọ ìtàn obìnrin yìí, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Àgbálọgbábọ̀

Wọ́n rán agbẹ̀bí, ó bá ilé-ẹ̀kọ́ nílẹ̀. Ó wá ẹgbẹ́ tí yóò wọ̀, kò rí èyí tí ó bá ìpè rẹ̀ mu. Òfin yí padà nígbà tí ìlera rẹ̀ ti lọ. Bí wọ́n bá fi ọdún tí ó lò ní ilẹ̀ Nàìjíríà wọn ìgbésí-ayé Mother Mary Martin, kò tó nǹkan: ọdún mẹ́ta ní Kàlàbá, àti oṣù díẹ̀ ní 1937. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ka àwọn obìnrin tí wọ́n dìde lórí ẹní ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́ nítorí pé sístà tàbí akẹ́kọ̀ọ́ sístà kan wà nítòsí, ìwọ̀n náà yóò yí padà. Àwọn obìnrin náà kò mọ òfin tí ó dí ọ̀nà fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbọ́ orúkọ Mary Martin rí. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ẹnìkan gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn, ó nu ojú rẹ̀, ó gbé e lé wọn láyà, àwọn ará ilé sì wọlé wá láti kí wọn kú ewu.